Ìdílé wa wọ inú yàrà Erédò Sùngbọ́: àyẹ̀wò ìrìn-àjò ọjọ́ kan

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wọ ilé ọkọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì sí ọdún kan nínú rẹ̀ tí n kò gbọ́ orúkọ Erédò lẹ́nu ìyá ọkọ mi. Ọmọ Rẹ́mọ ni èmi fúnra mi, Ṣágámù ni a sì fi ṣe ibùgbé, nítorí náà kò yẹ kí ibi tí ó súnmọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ di ohun tí a ó máa gbọ́ bí àlọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kọkànlá tí ó kọjá, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta àti ìyá ọkọ mi sanwó fún àwọn kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó èèyàn lọ wo ibẹ̀, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn nínú yàrà náà, kí wọ́n sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí n kò kọ èyí láti ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Mo kọ ọ́ kí òbí tí ó bá ń gbèrò láti kó ọmọ rẹ̀ lọ lè mọ ohun tí ó ń fi owó rà. Ibi tí a lọ dára ju bí wọ́n ṣe polówó rẹ̀ lọ; ètò tí wọ́n fi kó wa lọ ni kò tó nǹkan, bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Òkè-Èrí, tí ó ṣíwájú wa nínú yàrà ni ó sì kó ọjọ́ náà yọ.

Ẹni tí kò bá tíì rí Erédò lè rò pé odi ìlú lásán ni. Yàrà ni, odi sì ni. Àwọn tí wọ́n ṣe é wa ilẹ̀ jìn, wọ́n ń da erùpẹ̀ tí wọ́n wà sí ẹ̀gbẹ́ inú, títí tí òkìtì náà fi di ògiri lórí ògiri. Ẹni tí ó bá dúró ní ìsàlẹ̀, tí ó gbójú sókè, ibi tí a gbẹ́ àti ohun tí a gbẹ́ jáde ni ó ń wò pa pọ̀. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó nǹkan bí mítà 20. Gbogbo rẹ̀ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká ní nǹkan bí kìlómítà 160, ẹni tí ó bá sì ti wakọ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀nà tí òun rìn kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwòrán àfonífojì tí odò gbẹ́ sáàárín àpáta ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí bàbá, ìyá àti ọmọ ti ń rìn létí omi, tí ògiri òkúta sì ga ní ọ̀tún àti ní òsì wọn. Odò ni ó gbẹ́ tiwọn. Tiwa, ọwọ́ èèyàn ni.

Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦18,000, ti ọmọdé jẹ́ ₦10,000, àpapọ̀ tiwa sì jẹ́ ₦84,000. Wọ́n ní ọkọ̀ wà nínú owó náà, oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, àpótí ìtọ́jú fún ẹni tí ó bá fara pa wà níbẹ̀, afinimọ̀nà náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìpolówó pé ìrìn náà rọrùn fún ọmọdé àti arúgbó, pé ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé, ilẹ̀ sì ti gbẹ. Aago méje òwúrọ̀ ni wọ́n ní a ó pàdé. Ogójì ìṣẹ́jú ti kọjá lórí aago mẹ́jọ kí bọ́ọ̀sì méjì tí ó fẹ́ kó wa tó yọjú. Bọ́ọ̀sì eléèyàn mẹ́rìnlá ni tiwa, èèyàn méjìdínlógún ni wọ́n sì kó sínú rẹ̀. Nígbà tí mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gba orúkọ sílẹ̀ léèrè ibi tí àbíkẹ́yìn mi yóò jókòó sí, ó dá mi lóhùn pé, "Ẹ má bínú, mà, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀." Ọmọ ọdún mẹ́fà tí mo san ₦10,000 lé lórí ni ó ní kí n gbé lé ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà tí ọkọ̀ àjàgbé ń gbà lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Bìní tọ̀sán tòru. Ọkọ mi fẹ́ kí á sọ̀ kalẹ̀ kí á padà sílé. Màmá, ìyá ọkọ mi, ni ó bẹ̀ ẹ́. Inú mi kò dùn sí i pé a gbà, mo sì ń sọ ọ́ síbí kí ẹlòmíràn má baà gbà.

Òkè-Èrí ni a kọ́kọ́ dé, níbi ojú oórì Bílíkísù Sùngbọ́. Ìlú kékeré ni, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde rárá. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ni Sùngbọ́, tí kò bímọ, tí ó sì pàṣẹ kí wọ́n gbẹ́ yàrà ńlá náà yí ìlú ká kí orúkọ rẹ̀ má baà parun. Mùsùlùmí, Kristẹni àti oníṣẹ̀ṣe ni wọ́n ń wá síbẹ̀ láti gbàdúrà. Ẹnu ọ̀nà ni a dé kí a tó gbọ́ pé obìnrin kì í wọ ibi ojú oórì náà. Kì í ṣe òfin náà ni mo ń bá wíjọ́. Ìlú ni ó ni èèwọ̀ rẹ̀, àlejò kì í sì í dé ilé onílé kí ó máa tún àga tò. Ohun tí ó dùn mí ni pé àwọn tí wọ́n gba owó wa mọ̀, wọn kò sì sọ. Nínú àwa mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí bọ́ọ̀sì méjèèjì kó wá, ó ju ìdajì lọ tí ó jẹ́ obìnrin àti ọmọdébìnrin, gbogbo wa sì dúró sábẹ́ igi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlógójì nígbà tí àwọn ọkùnrin wọlé.

Mọ́rẹ̀nikẹ́, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá bàbá rẹ̀ pé, "Màmá, ṣé obìnrin kọ́ ni Sùngbọ́ ni?" Màmá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Obìnrin ni. Òun gan-an ni ó ni ilé. Jẹ́ kí wọ́n lọ kí i, àwa yóò lọ wo iṣẹ́ tí ó ṣe." Ọmọ náà kò tún béèrè mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé inú yàrà, òun ni ó wà níwájú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú ìpolówó wọn tí n kò lè fojú fò. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ibojì Ayaba Ṣébà ni à ń lọ wò, bí ẹni pé a ti rí i, a ti wọ̀n ọ́n, ó sì ti dájú. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: Bílíkísù ni orúkọ tí àwọn Mùsùlùmí fi ń pe ayaba náà, ìtàn rẹ̀ sì wà nínú Kùránì, ní súrà An-Naml, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Bíbélì, ní Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kẹwàá. Ṣùgbọ́n Ọba Sólómọ́nì tí ayaba náà lọ kí gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan ṣáájú ìbí Jésù. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ará Bìrìtìkó tí ó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa Erédò ní ọdún 1999, gbé ọjọ́ orí rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àwọn tí wọ́n tún walẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tilẹ̀ mú un súnmọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbé e sí ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ti Darling ni o, tiwọn ni o, àlàfo tí ó wà láàárín Erédò àti ayaba náà kì í ṣe kékeré. Mo wá fi èyí wé ọ̀nà tí Bàbá afinimọ̀nà gbà sọ ọ́. Ó ní, "Ohun tí àwọn bàbá wa sọ fún wa ni pé òun ni. Èmi kò sí níbẹ̀, n kò sì ní purọ́ fún yín. Ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀ yìí, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, èyí tó mi." Àgbàlagbà tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa ju ohun tí wọ́n bá fi lé e lọ́wọ́ ni ó bọ̀wọ̀ fún òtítọ́ ju àwọn tí wọ́n kó ₦84,000 wa lọ.

Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, Bàbá mú wa lọ síbi tí ọ̀nà kan ti gé odi náà já. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé a bá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ pàdé. Ó fi ẹ̀yìn àdá ha ojú ibi tí wọ́n gé náà títí tí ó fi mọ́. Òkè rẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀ pupa tí ó nípọn ju gíga ọkọ mi lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ti rí ìlà ilẹ̀ dúdú kan, tín-ín-rín, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ó nà gbọọrọ bí ẹni fi ẹ̀lú fa ojú aṣọ. Lábẹ́ ìyẹn, ilẹ̀ pupa tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá tọ́ka sí ìlà dúdú náà, ó ní, "Ibí ni ilẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Orí èyí ni wọ́n dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ́ sókè. Ewé tí ó jábọ́ lásìkò náà ni ó dúdú yẹn." Ohun tí ó sọ bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ojú ilẹ̀ tí ewé ti ń jẹrà máa ń dúdú, bí a bá sì da erùpẹ̀ lé e lórí, ó máa sùn síbẹ̀ ni. Mo fi ìka mi kan ìlà náà. Ó tutù, ó sì rọ̀ ju erùpẹ̀ tí ó wà lókè rẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn kò rí èyí, wọn kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí Bàbá sọ, nítorí pé afinimọ̀nà kan ṣoṣo kò lè sọ̀rọ̀ sí etí èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lójú ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ọ̀nà oko lọ.

Aago mọ́kànlá ti kọjá dáadáa nígbà tí a wọ inú yàrà. Ẹ̀gbẹ́ ni a fi sọ̀ kalẹ̀, tí a ń di gbòǹgbò mú, Bàbá sì ń kígbe sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ rọra o, Ìyá. Ẹ fi ọ̀pá ṣáájú ẹsẹ̀." Oòrùn tí ó ti ń ta wá lórí níta di àwọ̀ ewé. Ara tutù lójijì, bí ìgbà tí èèyàn bá ti ojú ọjà wọ inú ilé amọ̀. Igi tí ó hù lórí odi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti na ẹ̀ka pàdé ara wọn lókè, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ojú ọ̀run kò ju ìlà funfun kan lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń pariwo láti Ṣágámù dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n dákẹ́.

Fọlárìn, àkọ́bí wa, na ọwọ́ sí ògiri náà, mo sì súnmọ́ ọn láti wo ohun tí ó ń wò. Ògiri náà kò rí págunpàgun bí ibi tí katakata bá gbẹ́. Ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, ó dúró ṣánṣán, ó sì le bí bíríkì. Ohun tútù aláwọ̀ ewé kan bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ewé wẹ́wẹ́ tí ó dà bí ìyẹ́ adìyẹ hù láti inú rẹ̀, gbòǹgbò tí kò nípọn ju okùn bàtà lọ sì ń rọ̀ wálẹ̀ láti orí odi, ẹ̀kán omi kan ní òpin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà fi ìka gbé ẹ̀kán omi kan, ó wò ó títí tí ó fi ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bàbá ní yangí ni ògiri náà. Ó ní bí a bá gbẹ́ yangí nígbà tí ó ṣì tutù nínú ilẹ̀, ó máa ń gbà fún ọkọ́, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti lù ú fún ìgbà pípẹ́, ó di òkúta. Òun ni ó fi jẹ́ pé òjò ọdún gbọọrọ kò tíì wó o. Ọkọ mi, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́, dúró síbẹ̀ pẹ́, ó ń fi ojú wọn gíga ògiri náà, ó sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kò sí kọngílá tí yóò gbà láti gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó báyìí kí ó dúró ṣánṣán láìsí igi tí a fi gbè é.

Ohun tí mo kà kí a tó lọ kò jọ mí lójú tó bí ó ti jọ mí lójú níbẹ̀. Mo ti kà á pé Peter Lloyd, onímọ̀ nípa àwùjọ àti àṣà ẹ̀dá, kọ nípa Erédò ní ọdún 1959, pé ogójì ọdún kọjá lẹ́yìn rẹ̀ kí Darling tó wá sọ ọ́ di ìròyìn, àti pé nínú ìṣírò Darling, erùpẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ ju ohun tí wọ́n fi kọ́ píramídì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì lọ. Nígbà tí mo dúró ní ìsàlẹ̀, tí mo sì rò ó pé kìlómítà kan nínú ọgọ́jọ ni ibi tí a fẹ́ rìn, mo gbà á gbọ́. Èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ mi ní orúkọ píramídì kí n tó kọ́ wọn ní orúkọ Erédò, ojú tì mí.

Màmá, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, rìn ín dé òpin. Ìpolówó tí ó ní ìrìn náà rọrùn fún arúgbó kì í ṣe òótọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé e. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni nínú oṣù Kọkànlá, ìsàlẹ̀ yàrà náà kò sì tíì gbẹ. Níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, omi dúró, ó jìn dé kókósẹ̀ mi, ewé jíjẹrà sì ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ewédú. Igi ńlá kan ti wó dábùú ọ̀nà, ó sì di dandan kí àwọn ọkùnrin gbé àwọn ọmọdé kọjá lórí rẹ̀. Ọkọ mi wà lápá ọ̀tún Màmá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn èrò wà lápá òsì rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kó wa wá tí ó wọ inú yàrà náà. Wọ́n jókòó sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń dúró dè wá.

Ibi igi tí ó wó yẹn ni ìjàlọ ti mú wa. Tólú, àbíkẹ́yìn, ni ó kọ́kọ́ ké. Ó ti dúró sórí ọ̀wọ́ wọn láìmọ̀, kí a tó wò yíká, wọ́n ti wà nínú ṣòkòtò rẹ̀ dé itan. Bàbá ké sí gbogbo èèyàn pé kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbọn-in gbọn-in sá kọjá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró. Mo bọ́ ṣòkòtò ọmọ náà níbi tí ilẹ̀ ti mọ́, Màmá sì ń fi èékánná já wọn kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan; orí ìjàlọ kì í fẹ́ fi ẹran sílẹ̀ bí a bá tilẹ̀ já ara rẹ̀ dànù. Níbi tí Fọlárìn ti ń sá, ó ṣubú, igi ṣíṣẹ́ kan sì ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dà. Nígbà tí a jáde, tí mo sì béèrè àpótí ìtọ́jú tí ó wà nínú owó tí a san, òwú àti páálí oògùn orí fífọ́ kan ni mo bá nínú rẹ̀. Kò sí oògùn apakòkòrò, kò sí báńdéèjì. Ìborùn Màmá ni a fi di ọwọ́ ọmọ náà títí a fi dé ilé ìtajà oògùn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ara àwọn ọmọ méjèèjì ti yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìjàlọ ni ó bù wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ejò ńkọ́? Ẹni tí ó bá ń gba owó láti kó ọmọ ọlọ́mọ wọ inú igbó kò gbọ́dọ̀ fi àpótí òfìfo tan ìyá rẹ̀.

Kí a tó jáde, Bàbá rí i tí Fọlárìn fi ẹyọ yangí kan sínú àpò. Kò bá a wí níwájú àwọn èrò. Ó dúró títí tí wọ́n fi kọjá, ó tẹ̀ ba, ó ní, "Bàbá mi, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un." Bí àgbàlagbà ṣe fi ẹ yẹn pọ́n ọmọdé lé mú kí ọmọ náà sáré padà láìjanpata. Lẹ́yìn náà ni Bàbá fi ohun tí ó ń bà á nínú jẹ́ hàn wá: ibì kan tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ odi jẹ láti kó erùpẹ̀ pupa lọ síbi ilé kíkọ́, gẹ́gẹ́ bí eku ti ń jẹ ìdí àgbàdo. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti ya, gbòǹgbò igi hàn síta, òjò ọdún tí ń bọ̀ yóò sì gbé ìyókù. Ọ̀rá omi mímu àti ike oúnjẹ tí àwọn àlejò iwájú wa dà sílẹ̀ tún wà nínú yàrà, èyí tí ó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà pọ̀ ju ti inú lọ. Láti ọdún 1995 ni orúkọ Erédò ti wà, pẹ̀lú yàrà ilẹ̀ Bìní, nínú ìwé tí Nàìjíríà fi ṣọwọ́ sí UNESCO, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, pé òun fẹ́ kí wọ́n kà á mọ́ ogún àjọni gbogbo ayé. Sukur, ní ìpínlẹ̀ Adamawa, wọlé ní ọdún 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé ní ọdún 2005. Erédò ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa, àwọn tí ń ṣe ètò ìrìn yìí lè san owó fún èèyàn méjì péré ní ìlú náà láti máa ṣa ìdọ̀tí, kí wọ́n sì máa ké gbàjarè bí ẹnikẹ́ni bá gbé ṣọ́bìrì dé ìdí odi. Mo sọ ọ́ fún wọn, mo sì tún kọ ọ́ síbí.

Oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ ìrẹsì tútù nínú ike, pẹ̀lú ẹran kékeré kan. N kò ní fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, àfi pé ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí ìkọ́kọrẹ́ àti òjòjò kò ti wọ́n, ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń polówó àṣà bu ìkọ́kọrẹ́ fún àlejò. Àwa yà sílé àwọn ẹbí Màmá ní Ìjẹ̀bú-Òde, a jẹ ẹ́ gbígbóná, a sì wọ ọkọ̀ míràn padà sí Ṣágámù nítorí pé ọkọ mi kọ̀ láti tún gbé ọmọ wọ bọ́ọ̀sì yẹn.

Ṣé mo lè sọ fún ìdílé mìíràn pé kí wọ́n lọ? Kí wọ́n lọ, kí wọ́n sì yára lọ. Àmọ́ kí wọ́n dúró di oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, nígbà tí ilẹ̀ yàrà bá ti gbẹ dáadáa. Bàtà tí ó bo kókósẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn tí a ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ọmọdé. Ká ní Tólú wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn ni, ìjàlọ kì bá tí rí i mú tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò bá tíì tó ọdún márùn-ún, kí ó dúró sílé. Àgbàlagbà tí orúnkún bá ń dùn lè wo ibi tí ọ̀nà ti gé odi já láìsọ̀kalẹ̀ rárá, mo sì gbà pé ẹni tí ó bá rí ìlà dúdú yẹn ti rí Erédò. Kí a tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, kí a béèrè iye èèyàn tí yóò tẹ̀lé afinimọ̀nà kan, nítorí bí wọ́n bá ti ju mẹ́wàá lọ, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò ra nǹkan kan. Kí a ní kí wọ́n ṣí àpótí ìtọ́jú níwájú wa. Kí a sì bi wọ́n léèrè èèwọ̀ ibi tí à ń lọ, kí obìnrin tí ó bá fẹ́ lọ mọ̀ láti ilé rẹ̀ pé òun yóò dúró síta.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo kọ ẹ̀hónú mi ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n kó wa lọ, mo sì ka ohun gbogbo bí ó ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n fèsì lọ́jọ́ kejì, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n dá ₦10,000 tí a san fún Tólú padà nítorí pé kò rí ìjókòó, wọ́n sì ní àwọn yóò tún ìpolówó náà kọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún owó náà. Ìpolówó náà ṣì wà bí ó ti wà nígbà tí mo wò ó ní àná, ó ṣì ń sọ pé ìrìn náà rọrùn fún arúgbó, kò sì sọ nǹkan kan nípa ojú oórì àti obìnrin.

Bàbá ni a bá ṣe àdéhùn tààrà fún ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù Kìíní. Ọkọ̀ tiwa ni a ó gbé lọ, àwa mẹ́fà péré, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti ra okùn tí a fi ń wọn ilẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ gíga ògiri náà fúnra òun, Màmá sì ti ní òun ni yóò di ìkọ́kọrẹ́ dání.